Jọ́tà, WhatsApp, kàlẹ́ńdà fóònù tàbí Google Classroom: èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ Ìkòròdú gbé àsáìnmẹ́ntì rẹ̀ lé lórí?

Ohun méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ ohunkóhun tó bá ń bá a ṣọ́ àsáìnmẹ́ntì: kí ó bá a pa ọ̀rọ̀ mọ́, kí ó sì pè é nígbà tí ọjọ́ bá ń sún mọ́lé. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń lò, ọ̀kan nínú méjèèjì ló mọ̀ ọ́n ṣe. Jọ́tà ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lẹ́nu tí yóò fi pe ẹnikẹ́ni. Áláàmù ń pe ènìyàn, ṣùgbọ́n tó bá dún tán, kò lè sọ ìbéèrè tí olùkọ́ fún yín. WhatsApp ní tiẹ̀, gbogbo nǹkan ló ń pariwo lé lórí lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé etí ti di sí i.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dáhùn kíákíá bí àwọn ọmọ bá bi mí pé, "Àǹtí, áàpù wo ló dáa jù?" Iṣẹ́ tàìpù, ìtẹ̀wé àti báìǹdì ni mò ń ṣe lápá First Gate, ní Odogunyan, iwájú mi sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ "ọ̀la ni wọ́n máa gbà á" ti ń parí. Mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n pé níbo lẹ ti ń gbọ́ nípa àsáìnmẹ́ntì gan-an? Ta ló ń sọ ọ́? Ṣé dátà máa ń wà lórí fóònù yín lójoojúmọ́? Ìdáhùn yẹn ló máa ń yan ohun èlò fúnra rẹ̀.

Ìlú tí a wà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. LASUSTECH tó wà níbí, Lagos State Polytechnic ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó di yunifásítì ní 2022. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ń gbé nítòsí, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wọlé. Àwọn kan ń wọ korope wá láti Agric, Ìmọ̀ta tàbí Ìjẹ̀dẹ́. Àwọn mìíràn ń ti Ketu àti Mile 12 bọ̀, gó-síló sì ti jẹ wákàtí wọn kí wọ́n tó jókòó sí kíláàsì. Ẹni tó ń gbé nítòsí lè sáré padà lọ mú ìwé tó gbàgbé. Ẹni tó ti Ketu wá kò lè dán an wò.

WhatsApp: ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń wá, ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí kíláàsì tí kò ní gúrúùpù WhatsApp mọ́. Olùkọ́ á sọ ọ́ fún aṣojú kíláàsì, aṣojú á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kí wákàtí kan tó pé, ẹnì kan á ti gbé àwòrán aṣọ tó ń tà síbẹ̀, àwọn méjì á ti máa jà lórí bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn á wá kí ọlọ́jọ́ìbí. Ẹni tó tan dátà rẹ̀ lálẹ́ á bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún àtẹ̀jíṣẹ́, á kàn yí i kọjá lọ sísàlẹ̀ ni.

Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, àwọn nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kàn. Wọ́n lè so àtẹ̀jíṣẹ́ kan rọ̀ sókè gúrúùpù, èyí tí wọ́n pè ní Pin, fún wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 30. Ẹ bẹ aṣojú yín kó máa yan ọjọ́ 30 fún ọ̀rọ̀ àsáìnmẹ́ntì. Ẹ̀yin fúnra yín lè fi ìràwọ̀ sí àtẹ̀jíṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ darí rẹ̀ sí nọ́ńbà ara yín. Láti 2022 ni WhatsApp ti jẹ́ kí ènìyàn lè máa kọ̀wé sí ara rẹ̀.

Ohun méjì ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀. Gúrúùpù míì wà tí wọ́n ti ṣètò kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa pòórá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 7 ni tiyín, àsáìnmẹ́ntì ọ̀sẹ̀ méjì á ti parẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Èkejì ni pé ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lè tún un kọ láàárín ìṣẹ́jú 15. Mo ti rí ọmọ tó mú àwòrán ojú fóònù wá fún mi láti fi tàìpù, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró tì í sì sọ pé ìbéèrè kẹta ti yí padà. Òun ti ya tirẹ̀ kí aṣojú tó tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó ya á, kí ẹ sì wo òpin àtẹ̀jíṣẹ́ náà bóyá "Edited" wà níbẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Jọ́tà

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń fi jọ́tà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìfiwéra yìí, òun àti kàlẹ́ńdà ògiri nìkan ni kì í bèèrè dátà tàbí iná. Olùkọ́ tó bá dé ìparí kíláàsì, tó ń kó ìwé rẹ̀, tó wá sọ pé "ẹ lọ ka nípa èyí, ẹ mú un wá lọ́jọ́ Ajé", jọ́tà ló lè gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú kó tó bọ́. Fóònù tí ẹ ṣì ń ṣí, tí ẹ ṣì ń wá áàpù nínú rẹ̀, olùkọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà.

Bí ẹ ṣe máa lò ó ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń kọ àsáìnmẹ́ntì sí àárín nóòtì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò tíì kọ nǹkan kan. Ojú ìwé yẹn kò ní ṣí mọ́ àfi ìgbà ìdánwò. Ẹ fi ojú ìwé tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún un, kí ẹ fa ìlà sí i. Kọ́ọ̀sì wo, kí ni wọ́n ní kí a ṣe, ọjọ́ wo ni wọ́n fún wa, ọjọ́ wo ni wọ́n máa gbà á. Ẹ wá fi ìlà karùn-ún kún un tí ọ̀pọ̀ kì í fà: báwo ni wọ́n fẹ́ gbà á? Ṣé ìwé tí a tẹ̀ ni, àbí PDF lórí í-meèlì, àbí èyí tí a fọwọ́ kọ? Ibẹ̀ ni mo ti rí òfò jù. Ọmọ á sanwó tàìpù, á sanwó báìǹdì, olùkọ́ á wá sọ pé fọwọ́-kọ ni òun ní kí wọ́n ṣe.

Àbùkù jọ́tà ni pé kì í pe ènìyàn, tó bá sì sọnù, kò sí ẹ̀dà. Ẹ máa ya ojú ìwé ìkẹyìn yẹn ní fọ́tò lópin ọ̀sẹ̀. Ti pé kì í peni, kò sí oògùn rẹ̀ lára òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ti máa wá a.

Kàlẹ́ńdà orí fóònù

Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti fi ti jọ́tà lẹ́yìn, ibẹ̀ náà sì ni àṣìlò pọ̀ sí jù. Google Calendar ti wà láti 2006, orí ọ̀pọ̀ fóònù Android ni wọ́n sì ti ń bá a. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kò fẹ́ dátà kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ lè kọ ọjọ́ sí i nígbà tí dátà ti tán, á sì dún lọ́jọ́ tí ẹ ní kó dún; ìgbà tí dátà bá padà dé ni yóò gbé e lọ sórí àkáǹtì Google yín. Tí fóònù bá sọnù, ẹ wọlé sí àkáǹtì náà lórí fóònù míì, gbogbo ọjọ́ yín á wà níbẹ̀.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá kò bá àsáìnmẹ́ntì mu. Tí ẹ bá kọ nǹkan tó ní aago sí i, ìṣẹ́jú 30 ṣáájú ni yóò máa pè yín tí ẹ kò bá yí i. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi ìṣẹ́jú 30 kọ? Ẹ yí i padà: ìpè kan ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, òmíràn ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ti ọ̀sẹ̀ kan ni ìpè láti bẹ̀rẹ̀, ti ọjọ́ méjì ni ìpè láti parí. Ọjọ́ tó ṣẹ́kù láàárín, tèmi àti tiyín ni.

Inú rẹ̀ náà ni Tasks wà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ kọ sí kàlẹ́ńdà lásán, tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, ó ti lọ nìyẹn. Task tí ẹ kò tíì fọwọ́ sí pé ẹ ti ṣe á ṣì máa tẹ̀ lé yín kiri. Fún kíláàsì àti ìdánwò, ìṣẹ̀lẹ̀ lásán ti tó. Fún àsáìnmẹ́ntì, Task ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ lára. Tí olùkọ́ bá kọ ọ́ pé "12:00 a.m., Friday", òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ọjọ́ Ẹtì ni ó ń wí. Ẹni tó gbà pé alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni, tó wá jókòó sí i lẹ́yìn iṣẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ti pẹ́ ní odindi ọjọ́ kan. Ẹ bi í léèrè, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ máa ń kọ 11:59 p.m. kí ìjà má baà sí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe kọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ bá rí "11:59 p.m. Pacific Time", aago 8:59 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ní Ìkòròdú nígbà òtútù tiwọn, 7:59 sì ni nígbà ooru wọn, nítorí wọ́n máa ń yí aago wọn, àwa kì í yí tiwa. Kàlẹ́ńdà yìí lè bá yín ṣírò rẹ̀ tí ẹ bá yan aago ibẹ̀ nígbà tí ẹ ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ìpè kò bá dún, ẹ má tètè bú áàpù náà. Tecno, Infinix àti itel tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń fẹ́ tọ́jú bátìrì, wọ́n sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ áàpù tí ẹ kò ṣí fún ìgbà díẹ̀. Ìpè á pẹ́, tàbí kó má dún rárá. Ẹ wọ Settings, ẹ wá áàpù Calendar, ẹ tẹ Battery níbẹ̀, kí ẹ yan Unrestricted tàbí ohun tó bá jọ ọ́ lórí fóònù tiyín. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ohun kan sí i tí yóò dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ pa ojú fóònù dé, kí ẹ sì máa wò ó. Tí kò bá dún, ẹ fi áláàmù gidi ti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn lẹ́yìn. (Ọ̀pọ̀ Nokia àtijọ́ tó ní bọ́tìnnì máa ń dún áláàmù bí ẹ tilẹ̀ ti pa á. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó ńlá ìsinsìnyí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín.)

Google Classroom: ọwọ́ olùkọ́ ni ó wà

Tí olùkọ́ yín bá ń lò ó, ẹ bọ́ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà. Ọdún 2014 ni Google gbé e jáde. Olùkọ́ á kọ àsáìnmẹ́ntì àti ọjọ́ rẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ náà á sì fúnra rẹ̀ bọ́ sínú kàlẹ́ńdà yín. Ibi tí ẹ ti ń rí gbogbo ohun tó kù láti ṣe wà níbẹ̀, èyí tí ẹ kò ṣe á máa fi "Missing" han olùkọ́. Tí kò bá lò ó, ẹ kò lè fipá mú un, ẹ kò sì lè fi àsáìnmẹ́ntì olùkọ́ míì kún un. Nítorí náà, kò lè dá dúró fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ́ọ̀sì mẹ́jọ tí olùkọ́ méjì péré ń lò ó.

Ohun kan wà tí mo máa ń rí lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ á so fáìlì rẹ̀ mọ́ àsáìnmẹ́ntì, á rí orúkọ fáìlì náà pé ó ti wọlé, á gbé báàgì rẹ̀. Kò tíì tẹ "Turn in". Fáìlì tí ẹ so mọ́ ọn tí ẹ kò tẹ bọ́tìnnì yẹn, lójú Classroom, ẹ kò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí "Turned in" kí ẹ tó dìde. Tí ó bá kọ "Done late" tì í, aago ti kọjá nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyí:

| | Ṣé ó ń pè yín? | Tí dátà bá tán | Tí iná bá kọ̀, tí bátìrì kú | Ẹni tó bá mu jù |
|---|---|---|---|---|
| Gúrúùpù WhatsApp | Ó ń pariwo, kì í pè | Kò sí ìròyìn tuntun | Ó tán | Láti gbọ́ ìròyìn nìkan |
| Jọ́tà | Rárá | Kò kàn án | Kò kàn án | Ẹni tó ń gbọ́ àsáìnmẹ́ntì láti ẹnu olùkọ́ |
| Google Calendar àti Tasks | Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá ṣètò rẹ̀ | Ó ń dún | Ó dákẹ́ | Ẹni tó ní fóònù tirẹ̀ |
| Google Classroom | Bẹ́ẹ̀ ni | Kò ṣeé fi nǹkan ránṣẹ́ | Ó dákẹ́ | Ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ ń lò ó |
| Kàlẹ́ńdà ògiri | Rárá, àmọ́ gbogbo ilé ló ń rí i | Kò kàn án | Kò kàn án | Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì |

Àwọn áàpù ìṣètò iṣẹ́ bíi Todoist, Trello, Notion àti Microsoft To Do ńkọ́? Wọ́n dára, ẹni tó bá ti mọ̀ wọ́n ọ́n lò kó máa bá a lọ. Mi ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn kó lọ síbẹ̀, pàápàá Notion. Mo ti rí àwọn tó lo gbogbo alẹ́ láti fi ṣe é lẹ́wà, àwọ̀ lóríṣiríṣi, tí àsáìnmẹ́ntì ṣì wà bí wọ́n ṣe fún wọn. Ẹ sì rántí Wunderlist, áàpù bíi tiwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kárí ayé ló ń lò ó, Microsoft rà á ní 2015, wọ́n sì tì í pa ní 2020. Àwọn tó ń lò ó láti máa kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní láti kó ẹrù.

Fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àti òbí

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò jẹ́ kí ọmọ mú fóònù wá, torí náà ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà Google kò kàn wọ́n títí tí wọ́n á fi délé. Kàlẹ́ńdà ògiri tí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ pín fún yín lópin ọdún, èyí tó ní àwòrán ńlá lókè àti àlàfo kékeré lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ gbé kọ́ sí pálọ̀ níbi tí ìyá àti bàbá ń gbà kọjá. Ọmọ á fi bírò kọ orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì sí ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á, á fa àmì sí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Ìyá kò nílò láti mọ Físíìsì kó tó bi í pé, "Kí lo kọ sí ọjọ́ Ọjọ́rú yìí?" Ìbéèrè yẹn ni áláàmù rẹ̀. Mo rò pé fún ọmọ JSS, kò sí áàpù tó lè gbà á lọ́wọ́ ìyá tó ń wo ògiri.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á kọ́ ni ọjọ́ ìtẹ̀wé

Ohunkóhun tí ẹ bá yàn, ohun kan ni mo fẹ́ kó wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ó bá jẹ́ ìwé tí a tẹ̀ ni, ẹ fi ọjọ́ kan ṣáájú kọ "ìtẹ̀wé" sílẹ̀ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á, gbogbo kíláàsì ló ń dé sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan náà, iná a sì máa lọ ní àsìkò yẹn gan-an bíi pé wọ́n sọ fún un. Jẹnẹrétọ̀ a gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àmọ́ kò ní mú ìlà kúrú. Project ìgbẹ̀yìn tó fẹ́ báìǹdì alárà líle, ẹ fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ sí i. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ gbẹ.

Logbook SIWES tún yàtọ̀. Ètò tí ITF (Industrial Training Fund) dá sílẹ̀ ní 1973 yìí máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní yunifásítì sì jẹ́ oṣù mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sínú logbook náà, ọ̀gá ibi iṣẹ́ a sì máa buwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbèdéke tó ń padà wá ni, ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́. Kàlẹ́ńdà fóònù ló yẹ ẹ́ jù nítorí ẹ lè ní kó máa pè yín ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì láìtún kọ ọ́ mọ́. Ọ̀gá tó ti kúrò níbi iṣẹ́ kò ní padà wá buwọ́ lu ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ẹ jẹ́ kó kóra jọ.

Tó bá wá jẹ́ àsáìnmẹ́ntì ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́, ẹ̀yin marùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ má gbára lé pé gbogbo yín ti kọ ọ́ sílẹ̀. Google Calendar ń jẹ́ kí ẹ pe àwọn yòókù sí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà pẹ̀lú í-meèlì wọn, kó lè dún lórí fóònù gbogbo yín. Nínú àlàyé ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ẹ kọ ẹni tó ń ṣe orí kìíní, ẹni tó ń ṣe orí kejì, ẹni tó ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa san owó ìtẹ̀wé síbẹ̀ pẹ̀lú, torí iwájú ẹ̀rọ mi ni ìjà yẹn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.